Garawa Iyanrìn Ẹnu Ọ̀nà

Garawa iyanrìn kan wà lẹ́nu ọ̀nà ilé mi ní Massè. Àwọn aládùúgbò máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyá, ìgbà wo lẹ máa parí ilé tí ẹ̀ ń fi garawa kan kọ́?" Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ̀sáǹsì, epo ọkọ̀, gbiná níbi tí mo ti ń tà á kì í rẹ́rìn-ín. Omi ni wọ́n sáré dà sí i, kì í ṣe iyanrìn. Omi náà ló gbé iná wá bá mi. Láti ìgbà yẹn ni ìka ọwọ́ òsì mi ti lẹ̀ mọ́ra.

Ọmọbìnrin mi, ọwọ́ òsì tirẹ̀ ló fi ń tẹ okùn fiolọ́ọ̀nù, ohun èlò tó dà bíi gòjé, àmọ́ tí wọ́n ń gbé sábẹ́ àgbọ̀n. Olùkọ́ orin kan ní Pọbẹ ló kọ́ ọ. Ilé ìjọsìn ló ti kọ́kọ́ ń ta á, kí wọ́n tó máa pè é sí Àjàṣẹ́. Bí orúkọ rẹ̀ ti ń ga, bẹ́ẹ̀ ni àyà mi ń já. Tó bá ń dánra wò nínú yàrá, ìka rẹ̀ ni mo máa ń wò. N kì í gbọ́ orin.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní kó wá ta á ní Kútọnu níwájú àwọn àgbà olórin tó fẹ́ yan ẹni tí yóò lọ kọ́ṣẹ́ sí i ní ilẹ̀ Faransé. Òjò ti ba ọ̀nà jẹ́. Alùpùpù kan ṣoṣo ló wá. Kẹ́ẹ̀gì ẹ̀sáǹsì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ méjèèjì, òmíràn wà láàárín itan ẹni tó ń wà á.

"Ìwọ ọmọ yìí, o ò ní gun èyí."

"Ìyá mi, ọkọ̀ Kútọnu ò ní dúró dè mí ní Adja-Ouèrè."

Alálùpùpù náà rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ojoojúmọ́ ni mò ń gbé e. Tó bá fẹ́ jó, ṣé kò bá ti jó?"

"Bí èmi náà ti máa ń wí nìyẹn," ni mo dá a lóhùn.

Ọmọ mi rọra di ọwọ́ òsì mi mú. "Tí n kò bá lọ, ọwọ́ tèmi náà á dà bí èyí. Á kàn wà níbẹ̀ ni."

Mo yọ ọwọ́ mi, ó sì gun alùpùpù náà. Mo ń wo àpótí fiolọ́ọ̀nù tó pọ̀n sẹ́yìn títí oko ẹ̀gẹ́ fi gbé wọn mì.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni tẹlifóònù dún. "Ìyá mi, wọ́n mú mi!"

Mo bú sẹ́kún, mo dúpẹ́. Ariwo ọjà Adja-Ouèrè wà lẹ́yìn ohùn rẹ̀.

"Ọkùnrin àná náà ló ń gbé mi bọ̀. Ó ní kí n kí yín."

"Kẹ́ẹ̀gì ńkọ́?"

"Ó ń rọ ọ́ kún lọ́wọ́. Ẹ fọkàn balẹ̀, ìyá mi."

Mo ru garawa iyanrìn náà, mo fi ọwọ́ ọ̀tún dì í mú, mo forí lé ọ̀nà tí wọ́n máa gbà bọ̀.

Wọ́n bá mi lójú ọ̀nà. Ọmọ mi rí garawa, kò rẹ́rìn-ín. Ó sọ̀kalẹ̀, ó gbà á lórí mi, ó rù ú. Alálùpùpù ṣáájú wa lọ. Òórùn ẹ̀sáǹsì rẹ̀ la ń gbọ́ títí a fi délé.