Kébù Tí Kò Sí Nínú Àwòrán

Ọmọ Ìwó ni Sherifat, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi í pé níbo ló ti wá, Peckham ló máa kọ́kọ́ dárúkọ. Ibẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́ iná, ibẹ̀ ló bímọ sí, ibẹ̀ náà ló sì ti di ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta. Iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ti àwọn tó ń pààrọ̀ gílóòbù. Òun ló ń tọ́jú àwọn páńẹ́ẹ̀lì ńlá tó wà nísàlẹ̀ àwọn ilé alájà gíga, àwọn àpótí irin tí iná ń gbà wọlé láti ojú títì kí wọ́n tó pín in dé yàrá kálukú. Ó lè fi imú lásán mọ̀ pé ìdè kébù kan ti ń tú, torí pé rọ́bà rẹ̀ á máa rùn bí ẹja tó ń jóná.

Òun ló mú Hàlímọ̀tù wọ ilé iṣẹ́ náà. Ìyá ọmọ náà, tí wọ́n jọ ń kírun ní mọ́sáláṣí kan, ló bẹ̀ ẹ́. London ni wọ́n bí Hàlímọ̀tù sí, Yorùbá rẹ̀ a máa yọ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n kì í gbàgbé ohun tí wọ́n bá kọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ yunifásítì bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó gboyè, wọ́n sì sọ ọ́ di ẹni tó ń ya àwòrán bí wọ́n ṣe máa to iná sínú ilé. Akoto funfun tí àwọn ọ̀gá ń dé bọ́ sí orí rẹ̀. Búlúù, ti àwọn òṣìṣẹ́ lásán, ni ti Sherifat.

Sherifat náà ti bẹ̀rẹ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì rí. Ọdún tó bí Rahmah ọmọ rẹ̀ ló fi í sílẹ̀, ó ní òun á padà, kò padà mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í dùn ún tẹ́lẹ̀, àfi ìgbà tó rí ẹni tó parí tirẹ̀.

Mánijà wọn, Tòkunbọ̀, kì í yin ènìyàn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ta kókó, á ní, "Ẹ bi Hàlímọ̀." Sherifat bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ìgbà. Lọ́jọ́ kan ó pé mọ́kànlá kí wọ́n tó jẹun ọ̀sán. Bí wọ́n bá bi ọmọ náà ní ìbéèrè, Sherifat á ti máa dáhùn nínú, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn, bíi pé òun ni wọ́n bi. Ní mọ́sáláṣí, ìyá Hàlímọ̀tù á gbá a lọ́wọ́ mú, á ní, "Sherifat, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ nìyí o. Ọmọ mi ti di ọ̀gá." Sherifat á rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà á sì máa ro ó lẹ́rẹ̀kẹ́ títí á fi délé.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ yọ páńẹ́ẹ̀lì àtijọ́ kúrò nísàlẹ̀ ilé alájà mẹ́rìnlá kan ní Peckham, Hàlímọ̀tù ló ya àwòrán rẹ̀. Sherifat gba ẹ̀dà kan lọ sílé, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ó ń wá àṣìṣe. Àwòrán náà mọ́ tónítóní, ìyẹn sì tún bí i nínú. Ojú ewé kẹrin ló ti rí i.

Ní ọdún mẹ́tàlá sẹ́yìn, nígbà tí líìfù tó ń gbé ènìyàn ròkè nínú ilé náà ń dá dúró lójoojúmọ́, òun àti ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Yẹ̀kínì fa kébù kan láti ilé kejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wọ inú páńẹ́ẹ̀lì yẹn. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀, kò sì sí nínú àwòrán Hàlímọ̀tù. Yẹ̀kínì sì ti padà sí Ìbàdàn. Ẹni tó bá pa iná tó ń wọlé láti ojú títì á rò pé páńẹ́ẹ̀lì ti kú, bẹ́ẹ̀ iná ṣì ń gba ẹ̀yìn wọlé.

Inú Sherifat dùn. Ó dùn débi pé ó dìde, ó lọ gbé omi tíì kaná. Ìpàdé ààbò yóò wáyé lọ́jọ́ Ẹtì, iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ní ìpàdé yẹn, lójú gbogbo wọn, òun á fi ohùn jẹ́jẹ́ bèèrè pé kébù líìfù ńkọ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun Hàlímọ̀tù bá a níbi tó ti ń wọ bàtà. "Aunty Sherifat, ẹ ti wo drawing yẹn? Ṣé ẹ rí something?"

"Ó dáa," ni Sherifat wí, kò gbójú sókè.

Ọjọ́bọ̀ ló gbàyè lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn eyín ní Camberwell. Ó ṣì wà nínú bọ́ọ̀sì nígbà tí Wándé, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀: omi ti ń jò sítòsí páńẹ́ẹ̀lì, wọn ò lè dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ mọ́, wọ́n ti wà nísàlẹ̀, Hàlímọ̀tù ń pa iná lọ́wọ́.

Ó pe Hàlímọ̀tù lẹ́ẹ̀mẹta. Fóònù kì í wọlé sí ìsàlẹ̀ ilé yẹn. Ó pe Tòkunbọ̀. "Ẹ dá wọn dúró. Iná ṣì wà nínú páńẹ́ẹ̀lì yẹn." Tòkunbọ̀ náà kò sí níbẹ̀, ó ní òun á rán ẹnì kan. Sherifat sọ̀ kalẹ̀ ní Camberwell Green, ó wọ bọ́ọ̀sì tó ń padà, nígbà tó sì bọ́ọ́lẹ̀ ní Peckham, ó sáré pẹ̀lú orúnkún tó ti ń dùn ún láti ọdún tó kọjá.

Ó bá Wándé àti àwọn yòókù lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n dúró, ọwọ́ wọn mọ́, wọn ò tíì fọwọ́ kan iṣẹ́.

"Hàlímọ̀ ti lé wa jáde," Wándé wí. "Ó pa iná tán, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan nǹkan kan kí òun tó fi tẹ́sítà wò ó. Iná ṣì wà. A ò mọ ibi tó ti ń wá."

Sherifat jókòó sórí ògiri kúkúrú tó wà níbẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dúpẹ́ tọkàntọkàn. Àmọ́ kí òógùn tó gbẹ lára rẹ̀, ìlara náà tún gbérí: èyí náà, ọmọ yìí dá a rí, láìsí òun. Ohun tó tì í lójú jù lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Hàlímọ̀tù jáde wá. "Aunty, kébù kan wà níbẹ̀ tí kò sí nínú drawing. Ẹ mọ̀ ọ́n?"

Sherifat lè sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n. "Mo mọ̀ ọ́n. Èmi àti Yẹ̀kínì la fà á, nítorí líìfù."

"Ìgbà wo lẹ rí i pé mi ò yà á?"

"Sunday."

"Mo bi yín ní Tuesday."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Mo fẹ́ kí ojú tì ẹ́ níwájú wọn."

"Wándé ni ì bá tú páńẹ́ẹ̀lì yẹn," ni Hàlímọ̀tù sọ, kò pariwo. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá fi ibi tí wọ́n ti ń pa iná kébù yẹn hàn mí."

Wọ́n jọ lọ sí ilé kejì. Sherifat fi hàn án. Hàlímọ̀tù pa iná náà, ó fi àgádágodo sí i, ó sì ki kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bọ àpò ara rẹ̀.

Sherifat fúnra rẹ̀ ló kọ̀wé sí Tòkunbọ̀ nípa ohun tí òun ṣe. Wọ́n lé e kúrò ní gbogbo yàrá iná fún ọ̀sẹ̀ méje, ó ń to irinṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rù. Ní mọ́sáláṣí, ìyá Hàlímọ̀tù ṣì ń gbá a lọ́wọ́ mú, ó ṣì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti mọ̀ pé ọmọ náà kò sọ fún ìyá rẹ̀. Ìyẹn wúwo fún un ju ọ̀sẹ̀ méje náà lọ.

Nígbà tó padà, Hàlímọ̀tù ló ní kí wọ́n fún òun ní Sherifat, kí wọ́n jọ lọ yẹ gbogbo ilé tí wọ́n ń tọ́jú wò, láti Kennington dé Sydenham, kí wọ́n kọ gbogbo kébù tí kò sí nínú àwòrán sílẹ̀. Ó ṣì ń pè é ní Aunty. Ṣùgbọ́n kì í wá bá a jókòó jẹun ọ̀sán mọ́, Sherifat kò sì bi í léèrè. Bí Tòkunbọ̀ bá ti ní "Ẹ bi Hàlímọ̀," nǹkan ṣì máa ń gún un láyà díẹ̀. Á jẹ́ kó gún un tán. Lẹ́yìn náà, á gbé tọ́ọ̀ṣì, á ṣáájú sọ̀ kalẹ̀ sísàlẹ̀ ilé, á máa naka sí kébù kọ̀ọ̀kan, á sì máa sọ ibi tó ń lọ, Hàlímọ̀tù á sì máa kọ ọ́.