Ìkòkò Ẹ̀wà Tí Ìyá Kúnbi Gbé Lọ sí Ọjà Òṣòdì

Ìgbà tí mo gbọ́ ohùn Ìyá Kúnbi kẹ́yìn, torí ìkòkò ló ṣe ń bá mi wí. Ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá rẹ̀, àìsàn ti jẹ ẹ́ kù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Èmi wà ní ilé ìdáná ẹ̀yìnkùlé, mo ń se ẹ̀wà tó ní òun fẹ́ fẹnu kàn. Mo ṣí ìdérí wò lẹ́ẹ̀kan, mo tún un ṣí. Mo fẹ́ ṣí i lẹ́ẹ̀kẹta ni mo gbọ́ ohùn láti ojú fèrèsé.

“Ìyá Tóyìn! Kúrò nídìí ìkòkò yẹn jàre. O ti ń dẹ́rù bà á!”

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. Mo ti pinnu pé lọ́jọ́ náà ni n ó jẹ́wọ́ fún un, pé n ó sọ ohun tí mo ṣe sí i ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Ẹ̀rín gbé e mọ́ mi lẹ́nu. Kí ẹ̀wà tó rọ̀, ó ti sùn. Ọjọ́ kejì ló kú, nínú oṣù kìíní ọdún 1979.

Àrìnkẹ́ lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìkirè. Ẹlẹ́wà ni. Ilé kan náà la jọ háyà ní Ìsọlọ̀, yàrá mẹ́wàá, ilé ìdáná kan. Bó bá ti gbé ẹ̀wà kaná, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ bèèrè pé, “Ṣé ó ti rọ̀?” Ó ní ẹ̀wà ń gbọ́ràn, pé bí èèyàn bá ń kán an lójú, ṣe ni yóò ranrí. Onílé wa, Bàbá Abórìṣàdé, gbàgbé lọ́jọ́ kan, ó bèèrè. Ìyá Kúnbi bu omi, ó dà á sínú ìkòkò, ó ní, “Bàbá, ẹ ti dá a padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀.” Láti ọjọ́ náà, ojú ni onílé fi ń bèèrè ẹ̀wà.

Ṣùgbọ́n èyí tí gbogbo àdúgbò mọ̀ jù ni ti ọjọ́ tó gbé ìkòkò lọ sí ọjà Òṣòdì. Ọdún 1975 ni. Owó Udoji, àfikún owó oṣù tí ìjọba fún àwọn òṣìṣẹ́, ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, àwọn òṣìṣẹ́ ń ra fáànù, wọ́n ń ra rédíò tó tóbi bí àpótí aṣọ, gbogbo wọn ló sì ń jẹ ẹ̀wà Ìyá Kúnbi. Ní Sátidé kan, ó gbé e kaná ní kùtùkùtù. Ìgbà tí oòrùn fi dé àtàrí, ìdajì ẹ̀wà ti di ẹ̀kọ, ìdajì sì dúró láàárín rẹ̀ bí òkúta wẹ́wẹ́. Àwọn oníbàárà ti tò dé ẹnu géètì, àwo lọ́wọ́. Ìyá Kúnbi mú ẹyọ kan, ó fi eyín rún un, eyín kọ̀. Ó ní omi ẹ̀rọ ló fà á. Ó tún ní rárá, ọyẹ́ ni. Bàálù kan ń kọjá lọ balẹ̀ ní Ìkẹjà, ó na ìka sí i lókè: “Ìwọ náà, ariwo ẹ wà níbẹ̀!”

Ìgbà tó ti bá omi, ọyẹ́ àti bàálù wí tán, ó rántí ẹni tó ta ẹ̀wà fún un. Ó ká gèlè rẹ̀ ṣe òṣùká, ó gbé ìkòkò gbígbóná karí, ó bọ́ sójú títì, ó dá takisí dúró.

“Màmá,” awakọ̀ ní, “ẹ̀wà yìí máa dà sí sítì mi o.”

“Kò lè dà. Bó bá lè dà ni, kí ni mo fẹ́ fi mọ́tò ẹ ṣe?”

Ó balẹ̀ síwájú ìsọ̀ Fàósátù, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń ta ẹ̀wà ní ìlà iwájú ọjà.

“Ẹ káàbọ̀, Ìyá Kúnbi. Èwo lẹ máa rà lónìí?”

“Èyí tí mo rà lọ́jọ́bọ̀ ni mo gbé dé. Sè é tán fún mi.”

“Há, ẹ̀gbọ́n! Ẹ̀wà gbígbẹ ni mò ń tà, mi ò kì í sè.”

“Ìdajì ẹ̀ ṣì gbẹ. Mú tìẹ níbẹ̀.”

Ọjà dàrú. Àwọn alágbàrù sọ ẹrù kalẹ̀ kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín dáadáa. Fàósátù fi Kùránì búra pé ẹ̀wà tuntun ni òun wọ̀n, ó sunkún, ó kúnlẹ̀. Ìyá Kúnbi fi ìkòkò sílẹ̀ fún un, ó yí ẹ̀yìn padà. Kò ra ẹ̀wà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ láéláé, àwọn ẹlẹ́wà yòókù ní Ìsọlọ̀ náà sì yà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Kí ọdún tó yí, Fàósátù ti kúrò ní ìlà iwájú, ó ti bọ́ sí ẹ̀yìn ọjà, nítòsí ààtàn.

Gbogbo ilé wa rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ yìí fún ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́ta. Ẹ̀rín tèmi ló ròkè jù, torí pé èmi nìkan ló mọ̀ pé Fàósátù kò jẹ̀bi. Ògbólógbòó ẹ̀wà kan wà nínú garawa lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, ó ti lé ní ọdún méjì, bí a bá sè é di ọdún tó ń bọ̀ kò ní rọ̀. Nígbà tí Ìyá Kúnbi lọ wẹ̀, mo dà á pọ̀ mọ́ èyí tó ti ṣà kalẹ̀ sínú atẹ.

Owú ni. N kò ní orúkọ mìíràn fún un. Kì í ṣe pé obìnrin yìí wo ọkọ mi. Ó ju ọkọ mi lọ dáadáa lọ́jọ́ orí. Albert, Bàbá Tóyìn, kò wo òun náà. Àwo ẹ̀wà ló ń wò. Ó ń jẹ oúnjẹ tèmi bí ẹni ń lo oògùn, ó sì ń dijú jẹ tìyá yìí. Bó bá jẹ́ obìnrin ló ń bá mi du ọkọ, mo mọ bí wọ́n ṣe ń jà á. Báwo lèèyàn ṣe ń bá ẹ̀wà jà?

Mo gbìyànjú rẹ̀ ṣá. Nígbà tí Bàbá Tóyìn gba owó Udoji tirẹ̀, mo ní kó ra ìkòkò òyìnbó kan fún mi, èyí tí ìdérí rẹ̀ ń dè pa, tó ń súfèé bó bá hó. Wọ́n ní ogún ìṣẹ́jú péré lẹ̀wà fi ń rọ̀ nínú rẹ̀. Mo pe gbogbo ilé wá wò ó. Mo pe Ìyá Kúnbi pàápàá, kó wá fojú ara rẹ̀ rí òpin iṣẹ́ rẹ̀. Mo rọ ẹ̀wà kún ìkòkò dé ẹnu, kó lè kárí. Iná ràn, ìkòkò bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé.

“Kí ló ń sunkún fún?” Ìyá Kúnbi bèèrè.

“Kò sunkún, ẹ̀gbọ́n. Ó ń sè ni.”

Nígbà tó yá, ó dákẹ́. Ìyá Kúnbi fa Tóyìn ọmọ mi lọ́wọ́, ó ní, “Èyí tó ń sunkún tó wá dákẹ́ lójijì yìí, ẹ jẹ́ ká sún sẹ́yìn.” A ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ni ó bú gbàù! Ìdérí lu páànù òrùlé. Ẹ̀wà lẹ̀ mọ́ gbogbo òkè ilé ìdáná. Ọpẹ́ ni pé kò bá ẹnikẹ́ni. Ìyá Kúnbi já ẹyọ kan lára ògiri, ó tọ́ ọ wò, ó gbójú sókè.

“Ìyá Tóyìn, ó ti rọ̀ o. Ẹ bá wa wá àkàbà.”

Bàbá Tóyìn ló rẹ́rìn-ín jù. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi mú àwo, ó tẹ̀lé Ìyá Kúnbi lọ sídìí ààrò rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn èyí ni mo fa garawa abẹ́ bẹ́ẹ̀dì jáde.

Èyí tó dùn mí jù ni pé kò fi nǹkan kan pamọ́ fún mi. Ó rò pé ìkòkò tó bú ló ń bà mí lọ́kàn jẹ́, ló bá pè mí.

“Ẹ̀gbọ́n,” mo bèèrè, “kí lẹ máa ń fi sí i? Ṣé kánún ni?”

“Kánún kẹ̀? Ṣa ẹ̀wà ẹ dáadáa. Gé àlùbọ́sà kan sí i. Iná jẹ́jẹ́. Bómi bá gbẹ, omi gbígbóná ni kó o fi sí i. Má fi iyọ̀ kàn án àfi tó bá rọ̀. Kó o wá jókòó tì í.”

“Ṣé ìyẹn nìkan náà ni?”

“Ìjókòó yẹn lẹ kì í fẹ́ ṣe.”

Mo jókòó. Ẹ̀wà rọ̀ múlọ́múlọ́. Bàbá Tóyìn jẹ ẹ́, ó dijú, ó ní, “Beatrice, ó ti dà bíi ti Ìyá Kúnbi.” Inú tún bí mi.

Báyìí ni ọdún mẹ́rin ṣe lọ. Ó ń kọ́ mi, mo ń jowú rẹ̀, mo sì ń fẹ́ràn rẹ̀, gbogbo rẹ̀ nínú ilé ìdáná kan. Nígbà tí àìsàn dé, mò ń gbọ́únjẹ fún un. Ó ń ṣa ẹ̀wà lórí bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ kan, ó dáwọ́ dúró, ó ní, “Ẹ̀wà tí mò ń rà báyìí kò tó ti Fàósátù. Òun nìkan ló lẹ́wà gidi. Ṣùgbọ́n ó já mi kulẹ̀.” Mo gba atẹ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ń bá a ṣà á, n kò lè gbójú sókè.

Ọjọ́ kẹta tí a sin ín, Fàósátù wá láti Òṣòdì. Ó di kóńgò ẹ̀wà méjì sínú aṣọ funfun, ó kúnlẹ̀ gbé e fún Kúnbi, ọmọ òkú. A jókòó, a ń sọ ìtàn takisí, Fàósátù fúnra rẹ̀ ló ṣe bí Ìyá Kúnbi ṣe dúró níwájú òun, ọwọ́ ní ìbàdí. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ẹkún lójú Kúnbi. Lẹ́yìn náà, Fàósátù fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ wà lọ́dọ̀ wọn. Ṣé wọ́n dárí jì mí? Mo ti rò ó títí. Mi ò mọ bí ẹ̀wà burúkú yẹn ṣe wọ inú àpò mi.”

“Wọ́n ní ẹ̀wà tìẹ ló dára jù,” mo wí.

Ó dì mọ́ mi, ó sunkún sí mi léjìká, ó dúpẹ́. Mo sìn ín dé ojú títì, mo sì dúró títí ó fi wọ mọ́tò. N kò sọ fún un.