Ilé tí Solrunn So Mọ́ Àpáta ní Bouvet

Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni Solrunn Tveitane, káfíńtà ará Sandefjord ní Nọ́wè, nígbà tí wọ́n rán an lọ kọ́lé fún àwọn tó ń wo ojú ọjọ́ ní erékùṣù Bouvet.

Àwọn aládùúgbò sọ pé Gúúsù Áfíríkà ló ń lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti etí òkun Gúúsù Áfíríkà dé Bouvet ju ẹgbẹ̀rún méjì kìlómítà lọ. Àwọn mìíràn sọ pé apá kan Nọ́wè ni. Èyí náà kò péye. Nọ́wè ló ni ín, ṣùgbọ́n láti ọdún 1930, ohun ìní ni òfin pè é, kì í ṣe ara Nọ́wè. Kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀. Bí a bá pín ilẹ̀ rẹ̀ sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, yìnyín bo mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún. Ibi tó ṣeé kọ́lé sí kò ju ẹyọ kan lọ, níbi tí òkè ti ya lulẹ̀ sétí òkun. Ibẹ̀ náà ni ilé tó ti wà tẹ́lẹ̀ ti bá ìjì lọ, tibùsùn-tibùsùn.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án tí wọ́n débẹ̀, tí ògiri àti ilẹ̀kùn ti dúró, Solrunn àti Gaute, ọ̀gá iṣẹ́ náà, gbé igi àjà sókè. Níbi tiwa ní Nọ́wè, bí igi àjà bá ti gun ilé, a ó gbé ẹ̀ka igi tútù kọ́ ọ, iṣẹ́ á dúró, a ó sì jẹun. Gaute ti mú ẹ̀ka tirẹ̀ láti ilé wá.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ń gbé e kọ́ o. Ẹ̀kọ wàrà ń dúró dè wá nínú ọkọ̀ òkun tó gbé wa wá."

"Sọ ọ́ kalẹ̀. Ilé tí kò tíì lẹ́sẹ̀ lo fẹ́ dé fìlà fún?"

"A ṣáà ti ri òpó rẹ̀ mọ́ òkúta wẹ́wẹ́."

"Òkúta tó já láti òkè lánàá lè já sókun lọ́la. Àpáta gidi ni mo fẹ́."

"Agídí yín yìí! Tí kùrukùru bá dé, hẹlikópítà ọkọ̀ ò ní lè balẹ̀ wá gbé wa mọ́."

"Tó bá dé, kó kí wa. Gbé ẹ̀rọ tá a fi ń lu àpáta wá, ọ̀gá."

Wọ́n wa òkúta wẹ́wẹ́ títí wọ́n fi kan àpáta. Ihò mẹ́jọ ni wọ́n lu, wọ́n sì kan òrùlé tí wọ́n ti gé sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ihò kọ̀ọ̀kan gba ọ̀pá irin kan, wọ́n sì fi okùn irin so òrùlé mọ́ ọ̀pá kọ̀ọ̀kan. Lẹ́nu ọ̀pá keje ni kùrukùru dé. Ìkẹjọ kò tíì tutù lọ́wọ́ wọn tí ìjì fi lé wọn wọlé.

Ìjì náà jà fún odindi ọjọ́ kan. Àgbá epo ń yí lọ sókun níta. Gaute di tábìlì mú.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé yóò dúró?"

"Bi mí lẹ́yìn tó bá dúró."

Nígbà tó rọlẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, wọ́n ṣílẹ̀kùn. Òkun ti kó gbogbo òkúta wẹ́wẹ́ abẹ́ iwájú ilé lọ. Òpó méjì ń rọ̀ sínú afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n okùn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ le dáadáa, ilé kò sì fi ìka kan yẹ̀. Gaute dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, ó wá bú sẹ́rìn-ín.

"Mo túúbá, ẹ̀gbọ́n!"

"Túúbá fún àpáta."

Rédíò dún. Ọ̀gá ọkọ̀ ń pariwo pé, "Ṣé ẹ wà láàyè? Níbo lẹ wà?"

Solrunn gbà á. "Ilé la wà, Kápútẹ́nì. Ẹ máa bọ̀, àmọ́ ẹ bọ́ bàtà yín lẹ́nu ọ̀nà."