Ọmọńlé Orí Tẹlifíṣàn

Ọmọńlé tí mo sìn ní Mowe nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́ girama kò moore rárá. Èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ ìgbálẹ̀ ìyá mi lọ́jọ́ tó já bọ́ láti àjà, tí ìrù rẹ̀ já sílẹ̀, tí gbogbo ilé ń pariwo "Pa á! Pa á!" Èmi ni mo fi ìṣó gbígbóná lu ihò sí ìdérí ike súìtì ńlá kan, tí mo fi í sínú rẹ̀, tí mo gbé e pamọ́ sẹ́yìn àpò ìrẹsì ní ilé ìdáná. Ó ń jẹun dáadáa níbẹ̀. Bí mo bá ju aáyán kékeré sí i ní ìrọ̀lẹ́, mi ò ní bá a níbẹ̀ mọ́ láàárọ̀.

Fáàrí ló kó bá mi. Ìrù rẹ̀ ń hù padà, mo sì fẹ́ kí gbogbo ayé rí i. Mo gbé ike náà wá sí pálọ̀, mo gbé e lé orí tẹlifíṣàn. Láti ọjọ́ náà ló ti pa ẹnu dé.

Mo mú aáyán wá, ó kàn ń wò ó. Mo mú ẹ̀fọn, mo mú àfòpiná. Nígbà tí òjò rọ̀ tí èsúnsún bo gílóòbù ìta, mo bu èyí tó ṣì ń fò fún un, ohun tí àwọn èèyàn gan-an ń yan jẹ. Ọ̀gá kọ̀yìn sí i. Èmi àti àwọn àbúrò mi á kúnlẹ̀ yí tẹlifíṣàn ká, a ó gbé imú ti ike, a ó máa bẹ̀ ẹ́. Egungun ìhà rẹ̀ ti ń ṣeé kà. Ó ń ṣe mí bíi kí n sunkún, ó tún ń ṣe mí bíi kí n gbá a létí, àmọ́ etí dà?

Ìyá mi kò fẹ́ ẹ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní ohun tí àwọn ayé fi ń ṣọ́ni ni. Ó wá fún mi ní gbèdéke: bí kò bá tíì jẹun títí di ọjọ́ Àìkú, òun á dà á sígbó.

Ó ní, "Ẹnì kan tí ò jẹun nínú ilé yìí ti tó mi í bá fà á."

Ẹnì kan náà ni ìyá bàbá mi, tí wọ́n gbé wá bá wa láti Ìfọ̀ lẹ́yìn tí bàbá àgbà papò dà. Bí oúnjẹ bá ti dé iwájú wọn, ìyá mi á gbé àga kò wọ́n lójú, bàbá mi á jókòó tì wọ́n, àwa ọmọ á dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n á bu òkèlè kan, wọ́n á ní àwọn ti yó. Kò ní pẹ́ tí fóònù á dún, tí àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi á máa bi ìyá mi léèrè: "Ìyàwó, ṣé Màmá ti jẹun?" Wọ́n ń bi í bí ẹni pé òun ló dí ìyá wọn lẹ́nu.

Ní ọ̀sán Sátidé, ìyá mi ro láfún, ó se ilá. Màmá gbé òkèlè dé ẹnu, wọ́n wo ojú gbogbo wa, wọ́n dá a padà sínú àwo.

"Kí lẹ ń wò mí lẹ́nu sí? Ṣé mo jalè ni? Ta ló kọ́ yín pé kí ẹ máa wo ẹni tó ń jẹun lẹ́nu?"

Ìyá mi gbé àwo. "Ó ti sú mi," ló ń wí lọ sí ilé ìdáná. "Ó ti sú mi o!"

Èmi yíjú sí orí tẹlifíṣàn. Wọ́n ti gbá èmi náà létí rí torí pé mo wo ẹnu àlejò. Mo gbé ike padà sẹ́yìn àpò ìrẹsì, mo ju aáyán sí i, mo da aṣọ bò ó, mo lé gbogbo àwọn àbúrò mi síta.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ìyẹ́ aáyán kan péré ló kù. Mo rò pé inú mi á dùn, ṣùgbọ́n ńṣe ni inú bí mi. Gbogbo wàhálà yẹn, kí wọ́n má ṣáà ti wò ó ni?

Mo gbé e lọ fi han ìyá mi, tó ń wé gèlè lọ́wọ́, mo sì sọ fún un pé ìgbà tí mo da aṣọ bò ó ló tó jẹun. Ó wò ó títí, ó wá yíjú wo ẹnu ọ̀nà yàrá Màmá.

Nígbà tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó gbé oúnjẹ Màmá kalẹ̀ nínú yàrá wọn, ó gbé omi tì í, ó fa kọ́tìnì, ó kó gbogbo wa lọ sẹ́yìn ilé, tòun ti bàbá mi. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wúkọ́. Fóònù dún lọ́wọ́ rẹ̀, ó pa á. Ó káwọ́ lérí, ó kọjú sí fèrèsé.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, a gbọ́ ohùn Màmá láti inú ilé. "Ta ló se ọbẹ̀ yìí? Iyọ̀ ò tó o!"

Ìyá mi jókòó lé búlọ́ọ̀kù kan, ó bú sẹ́kún. Ó fi etí gèlè nu ojú, ó sì tì mí lẹ́yìn.

"Lọ gbé iyọ̀ fún wọn," ló wí. "Má wo ẹnu wọn o."