Ìdọ̀bálẹ̀ Bàbá Akínbọ̀wálé

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ní gbogbo Ute, títí dé Ijagba, kò sí ọkùnrin tó mọ ìdọ̀bálẹ̀ tó Bàbá Akínbọ̀wálé. Àwọn kan wà tí wọ́n kàn máa ń fi ìka kan ilẹ̀ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́, wọ́n á ní àwọn ti dọ̀bálẹ̀. Ìrànù! Tí Akínbọ̀wálé bá dọ̀bálẹ̀, àyà á kan ilẹ̀, ikùn á kan ilẹ̀, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ gan-an kò ní gbẹ́yìn. Ọgbọ̀n ọdún tó fi ṣe akọ̀wé ní káńsù, òun làwọn ẹbí ọkọ ń wá bẹ̀ kó ṣaájú wọn lọ tọrọ ìyàwó. Àwọn àna á sáré gbé e dìde tẹ̀rín-tẹ̀rín, ọ̀rọ̀ ti bùṣe nìyẹn.

Àfi bí ìgbáròkó ọ̀tún ṣe daṣẹ́ sílẹ̀ lójijì. Ọdún méjì gbáko ni Bàbá fi ń rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ. Nígbà tó yá, àwọn dókítà ní Ọ̀wọ̀ yọ eegun tó ti jẹ, wọ́n fi irin rọ́pò rẹ̀. Iṣẹ́ náà yọrí. Ìrora lọ, oorun padà, Bàbá sì ń rìn láti ilé dé ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà láìdúró mí.

Nígbà tó pé oṣù méjì, ó padà lọ bá Ibtisam, ọmọbìnrin ará Ìbàdàn tó ń kọ́ àwọn aláìsàn ní ìrìn ní ọsibítù náà. Ibtisam mú fọ́ọ̀mù jáde.

“Bàbá, ṣé ẹ lè wọ ìbọ̀sẹ̀ fúnra yín?”

“Mi ò ní ìbọ̀sẹ̀. Sálúbàtà ni mò ń wọ̀.”

“Ṣé ẹ lè gun àtẹ̀gùn?”

“Ilé mi kò ní àtẹ̀gùn. Ṣùgbọ́n mo gun tiyín wá síbí.”

“Ṣé ó ń dùn yín?”

“Rárá o.”

“Ó dáa, sà. Láti òdo dé mẹ́wàá, báwo ni iṣẹ́ yìí ṣe tẹ́ yín lọ́rùn tó?”

“Òdo.”

Bírò bọ́ lọ́wọ́ Ibtisam. “Òdo kẹ̀? Ẹ̀yin tí wọ́n gbé wá nígbà yẹn, tí ẹ wá ń fẹsẹ̀ ara yín rìn?”

“Wo ìwé ọwọ́ rẹ dáadáa. Ṣé wọ́n béèrè níbẹ̀ bóyá mo lè dọ̀bálẹ̀?”

Ibtisam yẹ̀ ẹ́ wò níwájú, ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn. Kò sí níbẹ̀. Bàbá wá sọ tinú rẹ̀. Oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n ń lọ tọrọ Tijésùnimí ní Ijagba fún Prosper, àbíkẹ́yìn rẹ̀. Òun tó ti dọ̀bálẹ̀ nítorí ọmọ ọlọ́mọ káàkiri, ṣé orí àga lòun máa wá jókòó sí bí ère lọ́jọ́ ọmọ tòun? Omijé lé ròrò sójú àgbàlagbà.

Àánú ṣe Ibtisam. Ó ní Bàbá kò gbọdọ̀ ká ìbàdí bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà wà. Kó di àga mú, kó na ẹsẹ̀ ọ̀tún sẹ́yìn, kó fi orúnkún òsì kúnlẹ̀, kó wá máa fi ọwọ́ rìn síwájú títí àyà á fi kanlẹ̀. Wọ́n ṣe é níbẹ̀, ó bọ́ sí i. Ibtisam àti ẹnìkejì rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ gbé e dìde.

“Ó ku ìdìde, sà. Ẹ padà wá ní Ọjọ́bọ̀ kí n kọ́ yín.”

Ìdìde? Bàbá fi ẹ̀rín délé. Ìgbà wo lòun dá dìde rí? Iṣẹ́ àna nìyẹn! Kò lọ ní Ọjọ́bọ̀ o. Orí ibùsùn ló ti ń fi ìdọ̀bálẹ̀ dánra wò lálẹ́.

Ìyàwó rẹ̀, Ṣèyíọlá, kò sì sùn. Ó yọ́ pe àwọn àna lórí fóònù. “Ẹ jọ̀ọ́, irin wà ní ìbàdí bàbá wa. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá bà á jẹ́ ló máa tún un ṣe o.”

Ọjọ́ pé. Níwájú gbogbo ẹbí ìyàwó, Bàbá di àga mú, ó na ẹsẹ̀ sẹ́yìn, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ rìn. Àyà kanlẹ̀, ikùn kanlẹ̀, àtàǹpàkò kanlẹ̀. Prosper àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́jọ nà gbalaja lẹ́yìn rẹ̀. Ilé hó yèè! Inú Bàbá dùn débi pé ó ń rẹ́rìn-ín sí sìmẹ́ńtì.

“Ẹ dìde, àna wa, a ti fún yín!” ni bàbá ìyàwó wí.

Bàbá ń retí ọwọ́. Kò rí ọwọ́ kankan.

“Ẹ dìde o!” Bàbá ìyàwó nawọ́, ó rántí irin, ó fà á padà kíá. Bàbá fẹ́ ká ẹsẹ̀ ọ̀tún, òun náà rántí ìkìlọ̀ Ibtisam. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́sàn-án ńkọ́? Ọmọ àná wo ló máa dìde nígbà tí àgbà ṣì wà nílẹ̀? Wọ́n sùn lọ bẹẹrẹ. Iyán ń tutù. Ọ̀kan nínú wọn ti ń hanrun.

“Ẹ̀yin àna,” bàbá ìyàwó bẹ̀ wọ́n, “àbí ẹ fẹ́ gba àbúrò ìyàwó mọ́ ọn ni?”

Òógùn bo Bàbá. Yéè, báyìí lòun ṣe máa tẹ́ lójú àna, lọ́jọ́ Prosper! Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìyá Oyèkẹ́, tó bí bàbá ìyàwó, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, fi ọ̀pá rìn wá láti ìdí ògiri.

“Ìgbáròkó wo ni?”

“Ọ̀tún, mà.”

“Òsì ni tèmi, Ọ̀wọ̀ náà ni wọ́n ti ṣe é. O ò lọ kọ́ ìdìde, àbí?”

Bàbá tún dojú kọ sìmẹ́ńtì.

“Mo mọ̀! Olóríkunkun! Fi ọwọ́ méjèèjì ti ilẹ̀. Fa orúnkún òsì wọlé. Ọ̀tún dúró sẹ́yìn, mo ní má ká a! Ẹ ti àga yẹn sún mọ́ ọn. Dì í mú. Gbéra ńlẹ̀!”

Bàbá gbéra. Àwọn mẹ́sàn-án gbéra. Ilé hó ju ti àkọ́kọ́ lọ. Orí Bàbá wú, ó fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá, ló bá tún di àga mú, ó na ẹsẹ̀ sẹ́yìn.

“Rárá o!” ni gbogbo ilé ké.

Nígbà tó tún padà sí Ọ̀wọ̀, Ibtisam mú fọ́ọ̀mù jáde. Bàbá kò jẹ́ kó béèrè.

“Kọ mẹ́wàá. Márùn-ún ti dókítà, márùn-ún ti Ìyá Oyèkẹ́ ní Ijagba.”

“Ìyá Oyèkẹ́?” Ibtisam bú sẹ́rìn-ín. “Àwọn náà ò kọ́kọ́ wá kọ́ ìdìde! Wákàtí méjì ni wọ́n fi wà lórí ìkúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí gbogbo ìjọ rò pé àdúrà ni wọ́n ń gbà.”

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìgbáròkó mú. Kò dùn ún rárá.