Èémí Bàbá Sàláwù Tí Mo Ń Ṣọ́

Yéè, Bàbá Sàláwù, ilé yìí mà dákẹ́ o. Ẹ lọ, ẹ fi èmi nìkan sílẹ̀ nínú yàrá tí a jọ sùn fún ọgbọ̀n ọdún.

Àgbà àgbẹ̀ Àgọ́-Àrẹ, ọkùnrin tí iṣu rẹ̀ ń wọkọ̀ dé Ìbàdàn. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ yín, híhanrun yín ni àwọn ará abà fi ń yìn yín. Wọ́n ní ẹni tó kọ ebè tó dáńgájíá ló ń hanrun bẹ́ẹ̀. Èmi náà ń fi ṣe yangàn. Bí híhanrun náà bá dúró lójijì, màá ní ẹ ti sinmi nìyẹn. Àṣé ẹ kò mí rárá ni. Ó ṣì ń dùn mí.

Ẹ wá ń tòògbé lórí ebè, ẹ ń tòògbé nídìí wáàsí Jímọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè yín ní ọ̀lẹ. Ẹ̀yin kẹ̀. Dókítà ní Ìbàdàn ló sọ pé ọ̀nà ọ̀fun yín ń pa dé lójú oorun, ó ní kí ẹ máa sùn pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ń fẹ́ atẹ́gùn gba inú ìbòmú wọlé. Iná kò sí ní abà. Ẹ ní láti máa sùn sílé lásìkò ebè kíkọ, ohun tí àgbẹ̀ ibí kì í ṣe. Àwọn ẹgbẹ́ yín ní ìyàwó ti so yín mọ́lé. Ẹ kàn rẹ́rìn-ín, ẹ ní, "Iṣu ò ní bi mí léèrè ibi tí mo sùn." Láàárọ̀, ojú yín á dá ṣáká, ẹ ti gun ọ̀kadà roko.

Èmi ni oorun wá dá lójú. Ẹ̀rọ náà kì í pariwo, ẹ̀yin náà kò hanrun mọ́, ni mo bá ń gbọ́wọ́ lé àyà yín bóyá ẹ ń mí. Lọ́jọ́ kan ẹ jí bá ọwọ́ mi níbẹ̀. Ẹ yọ ìbòmú, ẹ ní, "Ìyá Sàláwù, ẹ̀rọ ń ṣọ́ mi. Sùn jàre."

Àìsàn mìíràn ló mú yín lọ, kì í ṣe oorun. Ó yẹ kí ìyẹn tù mí nínú, kò tù mí. Láti ọjọ́ tí ẹ ti lọ ni mo ti ń tan ẹ̀rọ náà lórí òfo, kí n lè gbọ́ ìró atẹ́gùn rẹ̀ díẹ̀. Ọwọ́ mi ṣì ń wá àyà yín. Lánàá ni mo pa á, mo nu ìbòmú náà, mo ká okùn rẹ̀.

Ọlọ́run tí òògbé kì í ta, tí oorun kì í kùn, ti gba ìṣọ́ yín lọ́wọ́ mi. Mo ti mú ọwọ́ mi kúrò, Bàbá Sàláwù. Ẹ sùn re o.