Ọjọ́ Jímọ̀ tí Omi Ya Wọ Abúlé Àna Bàbá Kékeré

Nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọdé níbí ní Peckham, kò sí ọmọ kankan ní kíláàsì wa tó rin ìrìn-àjò tó jìn tó èyí tí mo rìn. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sún mọ́ mi kí n sọ ọ́ fún yín, torí bí mo ṣe ń rántí rẹ̀ yìí, àyà mi tún ń lù bíi tọjọ́ náà gan-an.

Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, ló fẹ́ ọmọ Indonéṣíà. Inú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ni wọ́n ti pàdé. Àǹtí ni èmi ń pe ìyàwó náà. Nígbà tí Àǹtí bí àkọ́bí rẹ̀, tí ọmọ náà ti ń rá, àwọn òbí rẹ̀ ránṣẹ́ láti abúlé pé àwọn fẹ́ fojú kan ọmọ-ọmọ àwọn. Wọ́n nílò ẹni tí yóò máa bá wọn gbé ọmọ, ojú mi ni gbogbo ilé sì wò. Hà! Mo fò sókè títí tí onífúláàtì ìsàlẹ̀ fi ń fi igi ìgbálẹ̀ gún àjà ilé rẹ̀ pé kí a dákẹ́. Ìyá mi ká ọ̀já kan sínú báàgì mi, ó ní, “Ọmọ ọlọ́mọ lo ń lọ gbé o. Má jẹ́ kí ojú tì mí.”

Ẹsẹ̀ òkè ni abúlé náà wà, odò kékeré kan sì la àárín rẹ̀ kọjá. Ọparun ni wọ́n fi hun ògiri ilé, bí ìgbà tí èèyàn hun ẹní. Ẹ bá mi wo èmi ọmọ inú fúláàtì kánsù, tí adìyẹ ń rìn kọjá lábẹ́ ibùsùn mi! Ní ìkòríta, ahéré kan wà fún àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ abúlé, ìtì ọparun ńlá kan tí wọ́n là lójú sì so rọ̀ níbẹ̀. Bí èèyàn bá kú, bí wọ́n ṣe ń lù ú yàtọ̀. Bí olè bá dé, ó yàtọ̀. Ṣùgbọ́n bí iná tàbí omi bá dé, wọ́n á máa lù ú gbà-gbà-gbà láìsinmi. Àwọn ọkùnrin abúlé fúnra wọn ló ń gba ọdẹ náà ṣe láàárín ara wọn. Ẹnikẹ́ni kì í sanwó fún wọn. Ìrẹsì ẹ̀kúnwọ́ kan ni onílé kọ̀ọ̀kan máa ń gbé síta dè wọ́n. Kò sì sí ilé tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ìyá àgbà kan ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, wọ́n á wọlé láìkanlẹ̀kùn, wọ́n á ṣí ìkòkò wò, wọ́n á fọwọ́ kan orí ọmọ, wọ́n á wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì jáde. Ọ̀rọ̀ yìí ń bí Bàbá Kékeré nínú.

“Kí ni ìyá yìí ń wá kiri nínú ilé onílé?” ló bi ìyàwó rẹ̀.

“Wọn ò wá nǹkan kan,” ni Àǹtí dáhùn. “Wọ́n fẹ́ mọ̀ pé gbogbo wa la jí ni.”

Ẹ má dá Bàbá Kékeré lẹ́bi. Kò tíì pẹ́ nígbà náà tí àwọn olè fọ́ fúláàtì rẹ̀ nítòsí Walworth Road, tí wọ́n kó gbogbo ohun tó ní, títí kan bùláńkẹ́ẹ̀tì tó ń fi bora. Láti ìgbà náà ni ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀. Nígbà tó lọ sí ìlú, ó ra àgádágodo ńlá kan bọ̀, ó sì kàn án mọ́ ilẹ̀kùn ilé tí wọ́n fún wa. Bàbá ìyàwó rẹ̀ wò ó, wọ́n mi orí, wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, Àǹtí àti ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà. Bàbá Àǹtí ti ṣíwájú lọ sí mọ́ṣáláṣí tó wà ní òdìkejì odò. Ọmọ ti sùn. Bàbá Kékeré wọ jálàbíà rẹ̀, ó ní, “Màá ti ilẹ̀kùn yìí láti ìta kí ẹnikẹ́ni má bàa wá yọ yín lẹ́nu. Mi ò ní pẹ́.” Mo gbọ́ tí àgádágodo náà ró kà.

Òjò kò rọ̀ lọ́dọ̀ wa o! Oòrùn ń mú ganrínganrín. Orí òkè lọ́hùn-ún ni òjò ti rọ̀ tí àwa ò mọ̀. Mo kàn ń gbọ́ ariwo kan tó ń bọ̀, bí ìgbà tí ọkọ̀ akẹ́rù pọ̀ ní Old Kent Road. Lẹ́yìn náà ni ọparun ìkòríta bẹ̀rẹ̀: gbà-gbà-gbà-gbà! Kí n tó dìde, ìyá àgbà ti dé ojú ilẹ̀kùn wa, wọ́n ń fa àgádágodo, wọ́n ń pariwo, “Banjir! Banjir!” Mi ò gbọ́ èdè náà, ṣùgbọ́n omi tó gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, tó pọ́n bíi tíì, ló túmọ̀ rẹ̀ fún mi.

Mo gbé ọmọ, mo pọ̀n ọ́n, mo so ọ̀já ìyá mi le dan-indan-in. Omi dé ọrùn ẹsẹ̀ mi, ó dé orúnkún. Mo gun orí ibùsùn. Mo tẹ́tí, mi ò gbọ́ ohùn ìyá àgbà mọ́. Mo ní ó tán, wọ́n ti sá lọ fi wá sílẹ̀. Mo bú sẹ́kún, ọmọ náà bú sí i.

Àfi ṣá! Àdá yọ lára ògiri ẹ̀yìn. Ṣá! ṣá! Wọ́n gé ògiri náà bí ẹni gé ẹní, ọwọ́ ìyá àgbà sì ti ibẹ̀ wọlé, ó gbá apá mi mú. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó wà lẹ́yìn wọn fà wá jáde, a di ara wa lọ́wọ́ mú gìrìgìrì, a ń gun òkè lọ nínú ẹrẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí, síbẹ̀ mi ò tíì sáré bẹ́ẹ̀ rí láyé mi!

Nígbà tí a dé òkè, mo bojú wẹ̀yìn. Omi ti gbé afárá lọ. Bàbá Kékeré wà ní òdìkejì, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń ké, ó fẹ́ bẹ́ sómi, àwọn ọkùnrin sì dì í mú. Ojú ilẹ̀kùn nìkan ló ń wò. Kò mọ̀ pé ẹ̀yìn la gbà jáde. Ìyá àgbà tú ọmọ lẹ́yìn mi, wọ́n gbé e sókè réré, wọ́n sì figbe ta. Bàbá Kékeré rí i. Ó wólẹ̀ síbẹ̀, ó forí kanlẹ̀ fún Ọlọ́run nínú ẹrẹ̀, kò sì tètè dìde.

Kò sí ẹni tó kú lọ́jọ́ náà, àfi ewúrẹ́ àti adìyẹ. Nígbà tí omi fà, àwọn ará abúlé ń ṣa ẹrù Bàbá Kékeré nínú oko ìrẹsì, wọ́n ń kó o wá fún un: páàsìpọ́ọ̀tù, kámẹ́rà tó kún fún ẹrẹ̀, bàtà ẹsẹ̀ kan. Ọmọ kékeré kan tiẹ̀ fi owó tó tutù rin-rin lé e lọ́wọ́. Gbogbo abúlé ló pé jọ láti hun ògiri mìíràn fún wa. Bàbá Kékeré náà ń hun tirẹ̀, ó wọ́ kọ́lọkọ̀lọ, àwọn obìnrin sì ń fi í rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn èyí ló lọ bá ìyá àgbà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ìyá rò pé ó dákú ni! Wọ́n ké sí àwọn èèyàn pé kí wọ́n wá gbé e dìde. Nígbà tí Àǹtí ṣàlàyé fún wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, “Ẹ sọ fún un pé mo wọ ilé rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo mọ iye ẹni tó wà níbẹ̀.”

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ. Ọmọ tí mo pọ̀n nígbà náà ti di bàbá onírùngbọ̀n funfun ní Surrey Quays. Nígbà tó lọ síbẹ̀ láìpẹ́ yìí, ó ní bíríkì ni wọ́n fi ń kọ́lé báyìí, orí fóònù ni wọ́n sì ti ń kéde fún ara wọn bí omi bá ń bọ̀. Èyí dára, fóònù yá ju ẹsẹ̀ lọ. Àwa náà níbí, kámẹ́rà wà lẹ́nu ọ̀nà gbogbo fúláàtì. Ẹ lè wà níbi iṣẹ́ kí ẹ máa wo ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn yín. Ṣùgbọ́n nígbà tí áńbúláǹsì wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa lóṣù tó kọjá, tí wọ́n béèrè bóyá ẹlòmíràn ń gbé pẹ̀lú aláìsàn náà, kò sí ẹnì kan nínú wa tó mọ̀.

Nítorí náà, kí ilẹ̀ òní tó ṣú, ẹ lọ kan ilẹ̀kùn ẹni tó múlé tì yín. Ẹ kí i. Ẹ sọ orúkọ yín fún un, kí ẹ sì bi í ní tirẹ̀.